Ààlà Tí A Fi Ọ̀rọ̀ Pa: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Ẹjọ́ Pátẹ́ǹtì Ẹ̀rọ Ìṣègùn

Ẹni tí ó bá ti Mọníyà wọ inú oko Akínyẹlé, tàbí tí ó gba Akanran kọjá lọ sí àwọn abúlé Ọ̀nà-Àrà, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó rí pèrègún tí ó tò ní ọ̀wọ́ láàrin oko méjì. Àlejò lè rò pé nítorí ẹwà ni a ṣe gbìn ín. Àwọn tí ó ni ilẹ̀ mọ̀ pé ìwé ni: ìwé tí àwọn baba tí kò mọ gègé fi ewé àti gbòǹgbò kọ, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì ń kà. Ohun tí ó wà nínú ìwé náà kò ju gbólóhùn kan lọ, èyí ni pé ti lágbájá parí síhìn-ín, ti tàmẹ̀dò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí kòkó sọ ilẹ̀ di ohun iyebíye ní agbègbè Ìbàdàn, ìwé alákọsílẹ̀ wá bá pèrègún lẹ́nu iṣẹ́. Ìjà ilẹ̀ sì di ìjà ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé bàbá kan ní Ẹgbẹ́dá fún àlejò ní ilẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ náà lọ ‘títí dé etí odò’. Etí odò wo? Ṣé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí omi ti fà sẹ́yìn, tàbí ti ìgbà òjò, nígbà tí omi kún dé ìdí ọ̀pẹ? Bí odò bá yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ńkọ́? Ìwé kò dáhùn. Ẹni tí yóò dáhùn ni ẹni tí ó bá wọn pààlà, tí ó mọ bí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò náà ti ń lo gbólóhùn yìí ní ọjọ́ tí a kọ ìwé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti gàrí lọ́jà. Bí ẹnì kan ní Lálúpọn bá ṣe àdéhùn láti ta ogún kóńgò, tí ó sì rẹ́ ẹnu kóńgò náà dọ́gba bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, oníbàárà tí ó mọ̀ pé a máa ń fi orí sí kóńgò lọ́jà náà yóò pariwo pé a rẹ́ òun jẹ. Inú ìwé kò sí orí. Inú àṣà ọjà ni ó wà.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ ìṣègùn ni. Mo yàn án nítorí pé àwa tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá a máa ṣe bí ẹni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ju ohun inú kíláàsì lọ, tí a ń fi máàkì mẹ́wàá sí. Ibì kan wà tí a ti ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là sí i.

Pátẹ́ǹtì ni ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ ohun tuntun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀, kí ó má sì tà á láìgba àṣẹ, fún ìwọ̀n ọdún tí òfin dá. Ogún ọdún ni òfin pátẹ́ǹtì ti ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní ọdún 1970, fi fún un. Ìjọba kò fi ẹ̀tọ́ yìí tọrẹ lásán: olùhùmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ àlàyé kíkún nípa iṣẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé lè lò ó nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé. Lẹ́yìn àlàyé náà ni yóò wá kọ àwọn gbólóhùn tí a fi nọ́ńbà sí, tí ó ń sọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Gbólóhùn ààlà ni èmi ń pe àwọn wọ̀nyí, n kò sì tíì rí orúkọ tí ó bá wọn mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pèrègún ni wọ́n. Ẹni tí ó bá wọ inú wọn láìgba àṣẹ ti wọ oko olóko. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́yìn wọn, ì báà ṣe ẹsẹ̀ bàtà kan péré, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Nítorí náà, gbogbo agbára agbẹjọ́rò ihà méjèèjì a máa pin sórí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gbé ọmọ tí ń mí gúlegúle lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́ yìí. Òun ni ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì fi ń há ọmọ ìka, tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀, tí nọ́ńbà méjì sì ń yọ lójú rẹ̀: ọ̀kan fún bí ọkàn ti ń lù sí, èkejì fún ìwọ̀n ọ́síjìn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkisímítà ni wọ́n ń pè é. Takuo Aoyagi, ará Japan kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Nihon Kohden, ni ó rí ọgbọ́n rẹ̀ ní àárín ọdún 1970 sí 1975. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń wá ẹ̀rọ náà lójú méjèèjì nítorí àrùn kòrónà.

Ọgbọ́n náà kò ṣòro láti yé ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ a máa pọ́n dẹ̀dẹ̀. Èyí tí ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀ a máa ṣú. Ẹ̀rọ náà ń tan ìmọ́lẹ̀ méjì wọ inú ẹran ara, ìmọ́lẹ̀ pupa àti òmíràn tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ọ́síjìn púpọ̀ a máa jẹ́ kí pupa kọjá, a sì máa gbé èkejì mì. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní i a máa ṣe òdìkejì rẹ̀. Ojú kékeré kan wà ní ihà kejì tí ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, ẹ̀rọ a sì ṣírò. Ohun tí Aoyagi rí ni pé ìlùkìlù ọkàn ni ó lè ya ẹ̀jẹ̀ tí ń ti inú ọkàn bọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára awọ, egungun àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́, nítorí òun nìkan ni ó ń pọ̀ tí ó sì ń dín bí ọkàn ti ń lù. Ìwúlò rẹ̀ fún wa kò kéré. Ní ọdún 2019 ni a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, tí àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Australia jọ ṣe ní ilé ìwòsàn méjìlá ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí a ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa fi ẹ̀rọ yìí yẹ àwọn ọmọdé wò kí a tó fún wọn ní ọ́síjìn.

Kí a tó dé ìdí ẹjọ́ ẹ̀rọ yìí, ó yẹ kí a mọ bí àwọn adájọ́ ti ń ka gbólóhùn ààlà. Ẹjọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ni ti Catnic, tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ nígbà náà dá ní ọdún 1980. Líńtẹ̀ onírin ni wọ́n ń jà lé lórí, èyí tí bíríkìlà ń gbé sórí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Inú ìwé Catnic, a kọ ọ́ pé irin ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lóòró. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ti ṣe tiwọn kí ó fì díẹ̀, ìwọ̀n digíríì mẹ́fà, lẹ́yìn náà mẹ́jọ, wọ́n sì ní ohun tí ó fì kò dúró lóòró. Lójú olùkọ́ ìṣirò, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Diplock béèrè ohun tí bíríkìlà yóò rí kà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bíríkìlà mọ̀ pé líńtẹ̀ tí ó fì níwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbé ẹrù rẹ̀; kò lè rò pé olùhùmọ̀ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ‘lóòró’ lé irú rẹ̀ síta. Catnic ni ó jàre. Orí kóńgò nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé òfin yìí mú kí gbogbo adájọ́ fohùn ṣọ̀kan. Nǹkan bí ọdún 1990, a jà lórí ẹ̀rọ kan tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ẹsẹ̀ tu. Sípíríńgì oníkókó ni ìwé sọ. Rọ́bà tí a là lálààlà ni olùjẹ́jọ́ lò. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Adájọ́ ní London ní rọ́bà kì í ṣe sípíríńgì. Àwọn adájọ́ ní Jámánì ní olùjẹ́jọ́ ti wọ oko olóko. Pátẹ́ǹtì kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ìdájọ́ méjì. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń túmọ̀ ìwé rí kò ní í bú wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ alágbàfọ̀ ni ó la ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Markman hùmọ̀ ọgbọ́n tí ń fi ẹ̀rọ tọ ipa aṣọ tí a kó wá fọ̀, ó sì kọ ‘inventory’ sínú gbólóhùn ààlà rẹ̀. Ẹ̀rọ ti ẹni tí ó pè lẹ́jọ́ ń ka owó àti ìwé ọjà, kò ka aṣọ. Ǹjẹ́ àkójọ owó jẹ́ ‘inventory’? Àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Adájọ́ ní rárá, ó ní aṣọ gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ alágbàfọ̀. Ní ọdún 1996 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i pé adájọ́ ni kí ó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú pátẹ́ǹtì, kí àwọn ará ìlú sì máa sọ bóyá ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe bọ́ sínú ìtumọ̀ náà. Ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Phillips, ilé-ẹjọ́ pátẹ́ǹtì ibẹ̀ tún fi kún un pé kí adájọ́ kọ́kọ́ wo àlàyé tí olùhùmọ̀ fúnra rẹ̀ kọ kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn, nítorí ìwé atúmọ̀-èdè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń kọ́kọ́ sá lọ bá.

Ohun kan wà nínú ọ̀nà ìkàwé yìí tí yóò ya àwọn àgbà lẹ́nu. A máa ń sọ pé ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Nínú ẹjọ́ pátẹ́ǹtì, oníkàn kò lè wá sọ ní kóòtù pé ohun báyìí ni ó wà lọ́kàn òun nígbà tí òun ń kọ̀wé. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni bí kò bá sí nínú ìwé. Ìdí rẹ̀ ni pé aládùúgbò ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Òun ni ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Pèrègún tí a lè fà tu lóru kí a tún un gbìn sí iwájú kì í ṣe pèrègún mọ́.

Ó wá kan ẹjọ́ Masimo àti Apple. Ilé-iṣẹ́ Masimo ní California, tí Joe Kiani dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ni ó mú ọkisímítà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kà dáadáa bí aláìsàn tilẹ̀ ń mira, ohun tí àwọn ti ìṣáájú kò lè ṣe. Kò sì jìnnà sí kóòtù láti ìgbà náà: ní oṣù kìíní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Nellcor gbà láti san 330 mílíọ̀nù dọ́là fún un lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń jà. Nígbà tí Apple wá fi ojú tí ń ka ọ́síjìn sínú aago ọwọ́ rẹ̀, Masimo tún gba kóòtù lọ.

Ìjà náà pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ọjà tí ń wọ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ yìí sọ pé aago náà wọ inú ààlà pátẹ́ǹtì Masimo méjì, ó sì ní kí a má kó o wọ̀lú mọ́. Apple pa iṣẹ́ kíka ọ́síjìn lára àwọn aago tí ó ń tà níbẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ó tún dá a padà ní ọ̀nà mìíràn: aago yóò kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n fóònù tí ó wà lápò ni yóò ṣe ìṣirò, orí fóònù náà ni a ó sì ti rí èsì rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí dókítà kankan tí ó ní kí a ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn ààlà ni ó pín iṣẹ́ ẹ̀rọ kan sí méjì, bí ọ̀nà oko ti ń yí po ìdí pèrègún.

Ọ̀nà kejì ni ó dùn mọ́ mi jù. Ó gba ọ̀dọ̀ kóòtù kan ní California, lórí pátẹ́ǹtì mìíràn, èyí tí ó sọ bí ọkisímítà ṣe lè dín agbára iná tí ó ń jẹ kù. Níbẹ̀, gbólóhùn ààlà sọ̀rọ̀ nípa ‘patient monitor’. Apple ní aago òun kì í ṣe ‘patient monitor’. Ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń wọ̀ sọ́wọ́ sáré ni. Masimo ní ohunkóhun tí ó bá ń ṣọ́ ìlùkìlù ọkàn ènìyàn, tí ó sì ń kìlọ̀ fún un bí ó bá lọ sókè jù tàbí sílẹ̀ jù, ‘patient monitor’ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn ará ìlú tí a yàn gbà pẹ̀lú Masimo, wọ́n sì ní kí Apple san 634 mílíọ̀nù dọ́là. Apple ní òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì rán gbogbo ènìyàn létí pé pátẹ́ǹtì náà ti kú láti ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kórè nínú oko olóko nígbà tí pèrègún ṣì wà ní ìdúró kò lè sọ pé ó ti gbẹ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èdè wa dán gbólóhùn yìí wò. Bí agbẹjọ́rò bá kó ìwé náà fún ọ̀kan nínú wa pé kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ yọ sí wa lẹ́nu ni ‘aláìsàn’: ẹ̀rọ aṣọ́-aláìsàn. Lójú ẹsẹ̀, a ti dá Apple láre. Aláìsàn ni ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kò sí ará Ìyànà Ọ̀fà tí yóò pe ẹni tí ń sáré ìdárayá láàárọ̀ ní aláìsàn, àfi bí ó bá fẹ́ bá a jà. Bí a bá sì yí i padà, tí a kọ ọ́ pé ‘ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìlera ènìyàn’, Masimo ti jàre kí adájọ́ tó jókòó, nítorí kò sí ẹni tí kò ní ìlera tí a lè ṣọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà láàrin méjèèjì: ó lè jẹ́ ẹni tí àìsàn ń ṣe, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ àyẹ̀wò lásán, bí aláboyún tí ó lọ fi ara hàn ní ilé ìwòsàn Mọníyà tí ara rẹ̀ sì le koko. Èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó gba àwọn méjèèjì láyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń túmọ̀ kò lè fara pamọ́. Yóò ṣe adájọ́, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀.

Èéṣe tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá? Lákọ̀ọ́kọ́, pátẹ́ǹtì kì í kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè tí ó fi í fúnni. Èyí tí a gbà ní Amẹ́ríkà nìkan kò lè dí ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ ṣe ọkisímítà ní Lágelú, bí kò bá sí irú rẹ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ni kò mọ èyí, tí ẹ̀rù ìwé tí kò lè mú wọn sì ń bà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, òfin wa ti ọdún 1970 sọ ọ́ ní ìsọ̀rí kẹfà pé àwọn gbólóhùn ààlà ni yóò fi ibi tí ẹ̀tọ́ dé hàn, àlàyé àti àwòrán ni a ó sì fi túmọ̀ wọn. Ìsọ̀rí kẹrìndínlọ́gbọ̀n ní kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ jókòó pẹ̀lú olùdámọ̀ràn méjì tí ó ní ìmọ̀ jinlẹ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ọrọ̀-ajé. Bíríkìlà Adájọ́ Diplock ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n dúró fún ẹni tí ó báni pààlà. Lójú tèmi, òfin náà gbọ́n níhìn-ín. Ibi tí kò ti gbọ́n tó ni pé ìforúkọsílẹ̀ wa kì í yẹ ìhùmọ̀ wò bóyá ó jẹ́ tuntun. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ọrùn ẹni tí ó gbà á ni ewu rẹ̀ wà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kò yé ni lè wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ó jẹ́.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé ẹ̀rọ tí ó ní pátẹ́ǹtì ti pé. Ààlà a máa sọ ẹni tí ó ni oko. Kò sọ bí iṣu rẹ̀ ti ta sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà kan ní Michigan tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ọkisímítà a máa ṣi ìwọ̀n kà lára aláwọ̀ dúdú. Láàrin àwọn tí ẹ̀rọ náà sọ pé ọ́síjìn wọn tó, nǹkan bí 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ni ó jẹ́ pé kò tó ní tòótọ́; nǹkan bí 4 nínú 100 ni ti aláwọ̀ funfun. Ìmọ́lẹ̀ gba inú awọ kọjá, awọ sì yàtọ̀ sí awọ. Nọ́ọ̀sì tí ó rí 93 lójú ẹ̀rọ lára ọmọ tí ń mí gúlegúle gbọ́dọ̀ mọ èyí, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní èdè tí ó yé e.

Mo dá a lábàá, nígbà náà, pé kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣègùn, kí a má sì dá a ṣe. Kí a pe àwọn nọ́ọ̀sì Akanran àti Ìyànà Ọ̀fà, àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, kí wọ́n sọ bí wọ́n ti ń pe nǹkan kí àwa tó jókòó ti ìwé atúmọ̀. Gbólóhùn ààlà ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù kí ó mú un wá. Ní ti ‘patient monitor’, n kò ní í fi aláìsàn sí i. ‘Ẹ̀rọ aṣọ́-ara’ ni èmi yóò kọ, n ó sì fi àkíyèsí sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé pé a kò tíì mọ irú ara tí olùhùmọ̀ ń sọ, kí òǹkàwé lọ wo àlàyé rẹ̀ ná.